Ẹ̀dọ̀fóró Ẹni Tí Kì Í Dùbúlẹ̀

Ní Ladjifarani, ní ìlú Parakou, ẹ kò nílò nọ́ńbà ilé kankan kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ Ìyá Àìsùn. Ẹ ṣáà dárúkọ rẹ̀, wọn á nàka sí ilé náà fún yín, wọn á sì ní kí ẹ bá àwọn tọrọ àdúrà tí ẹ bá débẹ̀. Àràmọ́tù lorúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ wá nígbà tí eegun rẹ̀ ṣì le. Ó ta aṣọ, ó ta abọ́, ó bímọ, ó tọ́ wọn, ọkọ rẹ̀ sì ṣaláìsí. Ìgbà tó darúgbó tán ló wá gba oyè tí kò du. Gbogbo àdúgbò gbà pé obìnrin náà kì í fẹ̀yìn lélẹ̀ lóru, pé orí ẹní ìkírun ló máa ń wà pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, tí yóò máa bẹ Ọlọ́run títí ilẹ̀ á fi mọ́. Àwọn tó ń gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá lọ kí ìrun àsùbáà ló kọ́kọ́ rí i ní ìjókòó, àwọn ló sì gbé ìròyìn náà rìn.

Ilé yìí ni Lùbàbà dàgbà sí. Ọmọ ọmọ Ìyá ni, ọmọ Kàsìmáwò tó ń ta abọ́ oníke àti bùtà ní ọjà Arzeke. Ọmọbìnrin gíga ni, ó yára rìn, ẹ̀rín rẹ̀ sì máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ìran oníṣòwò ni wọ́n, gbogbo wọn ti rò pé òun náà á jókòó ti ọjà, ṣùgbọ́n ìwé wọ̀ ọ́ lára ju bùtà lọ, ó sì di akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní yunifásítì. Bàbá rẹ̀ kò bínú. Ó kàn máa ń sọ fún àwọn oníbàárà pé ẹni tó bá ti bá àwọn obìnrin Bàrìbá ná ọjà láti kékeré, kò sí tíṣà tó lè kó ìpáyà bá a.

Tíṣà kò kó ìpáyà bá a lóòótọ́. Míkróskóòpù ni, awò gàgàrà tí ń sọ ohun tí ojú kò rí di ńlá. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá gbójú lé e, wọn á ní àwọn rí ẹ̀dọ̀, àwọn rí kíndìnrín. Bí Lùbàbà bá gbójú lé e, pupa fẹ́ẹ́rẹ́ ló ń rí lókè, pupa fẹ́ẹ́rẹ́ nísàlẹ̀, bíi pé ẹnì kan da omi sòbò sórí aṣọ funfun. Ó ṣe é títí ó fi lọ bá ìyá àgbà.

"Ìyá, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ míkróskóòpù sínú àdúrà òru o."

"Kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ ṣáà sọ pé kí Ọlọ́run là mí lójú."

"Ojú rẹ á là," ni Ìyá wí, ó sì wúkọ́ díẹ̀. "Ó máa là, inṣá Allah."

Ẹni tó ń kọ́ wọn níṣẹ́ awò yìí ni Pròfù Hùsèínì, ará Dendi kan tí ohùn rẹ̀ kì í ga, tí obì kì í sì í tán ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ọ̀nà tó ń gbà kọ́ni kò jọ ti ẹnikẹ́ni. Bí o bá wo láàmù, ìyẹn gíláàsì pẹlẹbẹ tí wọ́n tẹ́ ẹran ara tín-ín-rín lé, o kò gbọ́dọ̀ sọ orúkọ àrùn fún un. "Mo mọ orúkọ àrùn," ni yóò wí. "Ẹni tó ni ẹran ara yìí ni mi ò mọ̀. Sọ bó ṣe ń gbé ayé rẹ̀ fún mi." Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ráhùn pé ṣé àwọn wá kọ́ ìṣègùn ni tàbí àwọn wá kọ́ àlọ́. Pròfù á jẹ obì rẹ̀, á sì ní kí ẹni tó kàn bọ́ síwájú.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, ó kan Lùbàbà. Láàmù ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n gbé sí i lábẹ́ awò. Ó fún ojú òsì pọ̀, ó fi ojú ọ̀tún wò. Lákọ̀ọ́kọ́, pupa fẹ́ẹ́rẹ́ náà ni. Ó yí ìdí awò náà díẹ̀díẹ̀, nǹkan sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ó rí àwọn àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké bí iyàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ iyàrá. Nínú àwọn iyàrá náà, ó rí àwọn sẹ́ẹ̀lì bàǹtà-banta tí ikùn wọn kún fún nǹkan tó ṣú. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́ pariwo.

"Èéfín ni, Pròfù! Obìnrin ni ẹni náà. Ó ti ń fi igi dáná láti kékeré, ilé ìdáná rẹ̀ kò sì ní fèrèsé. Gbogbo èéfín tó ń fà símú ló kó jọ síbẹ̀ yẹn."

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mi orí. Ó bójú mu. Ta ni kò ní ìyá tó ń fi igi dáná ní Parakou? Bí a bá pe gbogbo wọn kọ̀ọ̀kan, èéfín náà ni wọn ì bá wí.

Pròfù Hùsèínì gbé obì láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún sí ti òsì. "Àwọ̀ wo ni èéfín máa ń ní nínú ẹ̀dọ̀fóró?"

"Dúdú."

"Èyí tó wà níwájú rẹ ńkọ́?"

Lùbàbà tún wò ó. Ó wò ó dáadáa, bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń wo ìrẹsì kó tó sè é. Kò dúdú. Àwọ̀ ilẹ̀ ni, bíi ti páànù òrùlé àtijọ́ tó ti dógùn-ún.

"Ògiri iyàrá ńkọ́? Ṣé ó tín-ín-rín?"

"Rárá. Ó ki. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ sì wú, wọ́n kún bámúbámú."

"Hẹn-ẹn." Pròfù yọ láàmù náà, ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. "Ẹ̀dọ̀fóró kan náà nìyí. Aró kan ni wọ́n rẹ ẹ́ sí, aró tó jẹ́ pé irin nìkan ló mọ̀. Níbi tí irin bá wà, á di búlúù."

Lùbàbà gbójú lé awò. Gbogbo nǹkan aláwọ̀ ilẹ̀ yẹn ti di búlúù pátápátá.

Pròfù wá jókòó, ó sì là á yé wọn. Ó ní ọkàn ló ń ti ẹ̀jẹ̀ kiri ara. Bí ọkàn bá rẹ̀ lápá òsì, tí kò lè ti ẹ̀jẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ mọ́, ẹ̀jẹ̀ á tò sẹ́yìn sínú ẹ̀dọ̀fóró bí ọkọ̀ ẹrù ṣe ń tò ní ẹnubodè Malanville lọ́jọ́ tí wọ́n bá tì í. Bó bá pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa á bẹ̀rẹ̀ sí í jò bọ́ sínú àpò afẹ́fẹ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń gbá ilé mọ́ á wá gbé wọn mì. Ẹ̀jẹ̀ á dà, ṣùgbọ́n irin inú rẹ̀ kò ní dà, ikùn àwọn agbálẹ̀ yẹn ló máa kù sí. Ó ní inú ẹ̀dọ̀fóró ni a ti ń rí wọn, síbẹ̀ orúkọ ọkàn ni wọ́n fi ń pè wọ́n, torí pé ọkàn ló rán wọn níṣẹ́. Kì í ṣe nǹkan ọjọ́ kan.

"Ó dáa, Lùbàbà. Báwo ni ẹni yìí ṣe ń gbé ayé rẹ̀?"

Lùbàbà tún gbójú lé awò.

"Kì í lè dùbúlẹ̀," ni Pròfù wí pẹ̀lẹ́. "Bó bá fẹ̀yìn lélẹ̀, àyà rẹ̀ á kún, á dà bíi pé ó fẹ́ rì sómi. Ìjókòó ló fi ń sùn. Á máa wúkọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa wú nírọ̀lẹ́. Àwọn ará ilé rẹ̀ ń wò ó lójoojúmọ́, wọ́n sì ti rí ìdí kan fi sí i. Kí lẹ rò pé wọ́n máa rò?"

Ẹnì kan ní wọ́n á rò pé àjẹ́ ni. Ẹnì kan ní wọ́n á ní ọjọ́ orí ló fà á. Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín.

"Wọ́n á rò pé ó ń kírun ni," ni Lùbàbà wí, ó sì ń kó ìwé rẹ̀ jọ.

Kò dúró kí wọ́n parí kíláàsì. Ó gun zẹ́mì, alùpùpù tí ń gbé èrò, ó sì ní kí ẹni tó ń wà á má náání kòtò. Lójú ọ̀nà, ìtìjú bò ó. Òun tó ń kọ́ ìṣègùn, òun náà ló ń jí láràárọ̀ tó ń kí Ìyá pé ẹ kú àdúrà, Ọlọ́run á gbà á. Òun náà ló lọ tọrọ àdúrà lọ́wọ́ obìnrin tí kò rí èémí mí.

Ó bá Ìyá ní yàrá. Ó jókòó sórí ẹní, ó fi àpò ìrẹsì tí wọ́n kó aṣọ àtijọ́ kún inú rẹ̀ ti ẹ̀yìn, ojú rẹ̀ ń ṣú fún oorun. Lùbàbà kúnlẹ̀, ó kí i, ó sì fi àtàǹpàkò tẹ kókósẹ̀ rẹ̀ bíi pé ó ń bá a ṣeré. Nígbà tó gbé ọwọ́ kúrò, ojú ibẹ̀ jìn, kò sì padà bọ̀ sípò.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀ kí n rí nǹkan kan."

"Ta ló máa gbé mi dìde?"

"Èmi ni."

"Apá rẹ kò tó. Bùtà bàbá rẹ pàápàá, o kì í lè gbé e." Ìyá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ikọ́.

Kàsìmáwò wọlé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Lùbàbà sì sọ ohun tó rí fún un. Ó sọ ọ́ tààrà pé ọkàn Ìyá ti rẹ̀, pé ẹ̀jẹ̀ ń kún inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, pé bí wọ́n bá ń wò ó níran báyìí, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ìjókòó gan-an kò ní gbà á mọ́. Bàbá rẹ̀ gbọ́ ọ dé ìdajì, ó sì gbaná jẹ.

"Ṣé o fẹ́ sọ ìbùkún ilé yìí di àìsàn ni? Gbogbo ọjà ló ń kí mi nítorí ìyá mi. Ímáàmù ń kí mi! Ṣé nínú gíláàsì lo ti rí ìyá mi?"

"Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ wo ẹsẹ̀ wọn."

"Ẹsẹ̀ ẹni tó ń dúró kírun ló máa ń wú!"

Kí èèyàn má purọ́, Kàsìmáwò kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó fẹ́ràn ìyá rẹ̀ ju ọjà lọ. Ṣùgbọ́n adùn wà nínú kí á máa pe èèyàn ní ọmọ Ìyá Àìsùn, adùn náà sì ti wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Lùbàbà kò bá a jà. Ó mọ̀ pé bàbá òun kọ́ ló ni àyà tó ń kún.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tí Kàsìmáwò ti ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, Lùbàbà padà sọ́dọ̀ Ìyá pẹ̀lú fóònù rẹ̀. Ó ti gba àwòrán láàmù búlúù yẹn lọ́wọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan. Ó fi han Ìyá, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ bí Pròfù ṣe ṣàlàyé rẹ̀, láti orí ọkàn títí dé orí Malanville. Ìyá mọ Malanville dáadáa, ẹrù rẹ̀ ti sùn níbẹ̀ rí. Ó na fóònù síwájú, ó fà á sẹ́yìn, ó tún nà án.

"Àwọn agbálẹ̀ yìí," ló wí nígbà tó yá, "àwọn náà kì í sùn?"

"Wọn kì í sùn, Ìyá."

"Ó mà ṣe o." Ó gbé fóònù kalẹ̀. "Lùbàbà, èmi kì í fi àdúrà ṣe àìsùn bí wọ́n ṣe ń wí. Níbẹ̀rẹ̀, mo máa ń dìde lóru lóòótọ́, rákà díẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn òjò èṣín ni ọ̀rọ̀ yí padà. Bí mo bá dùbúlẹ̀, ó máa ń ṣe mí bíi pé omi ń bò mí mọ́lẹ̀. Mo bá jókòó. Wọ́n rí mi ní ìjókòó, wọ́n ní àdúrà ni. Mo ní kí n sọ fún wọn, àwọn èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Ẹni tí kò rọ́mọ bí wá, ẹni tí ọjà rẹ̀ kò tà wá. Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn? Òògbé ni mò ń tò níbẹ̀ yẹn o! Tẹ̀sùbáà á bọ́ lọ́wọ́ mi, mà á tún he é. Máláíkà tó ń kọ iṣẹ́ ẹ̀dá mọ̀. Ẹ̀rù ṣekárími ń bà mí ju ẹ̀rù ikú lọ."

Ẹkún gbọ̀n Lùbàbà. Ó gbé orí lé itan Ìyá, ó sì sunkún bí ọmọ kékeré, torí pé ó fẹ́ràn rẹ̀, torí pé obìnrin yìí ti ń rì lójú gbogbo wọn, wọ́n sì ń ṣe àmín sí i.

"Rọra, rọra. Má da omi ojú sí mi láṣọ, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ ọ́ ni." Ọwọ́ Ìyá ń lọ ń bọ̀ lórí gèlè rẹ̀. "Ẹni tó ni ẹ̀dọ̀fóró inú gíláàsì yẹn, ṣé ó lọ sí lópítáà?"

"Mi ò rò bẹ́ẹ̀, Ìyá. Kò tètè lọ."

"Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú," ni Ìyá wí. "Gbé ìborùn mi wá. Má pe bàbá rẹ. Bó bá dé, á sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀, a ò ní lè jáde mọ́."

Ní lópítáà, dókítà obìnrin kan gbé etí lé àyà Ìyá, ojú rẹ̀ sì yí padà. Wọ́n fi ẹ̀rọ wo ọkàn rẹ̀. Ilẹ̀kùn kan nínú ọkàn náà ti le, kì í ṣí dáadáa mọ́, ó sì ti ń le bọ̀ láti ìgbà ibà kan tó ṣe é nígbà èwe rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Dókítà ní wọ́n tètè gbé e wá, pé díẹ̀ ló kù. Wọ́n fún un ní afẹ́fẹ́ nímú, wọ́n fún un ní oògùn tí ń fa omi jáde, Ìyá sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ bí ẹni tí wọ́n bẹ̀ lọ́wẹ̀. Ó ní àwọn tó kọ́ ilé náà kò ní láárí, ṣé ibi tí wọ́n ti ń fúnni lóògùn ìtọ̀ ló yẹ kí ṣáláńgá ti jìnnà tó báyìí? Nígbà tí wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ jẹ iyọ̀ àti kúbù amọ́bẹ̀dùn mọ́, ó bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n fẹ́ kí òun yè tàbí wọn kò fẹ́.

Kàsìmáwò sáré dé pẹ̀lú bùtà tuntun lábẹ́ apá, èyí tí kò rántí fi sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó bá ìyá rẹ̀ tó fẹ̀yìn lélẹ̀. Ó ń sùn, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, ó sì ń hanrun. Ọkùnrin náà dúró níbẹ̀, ó ń wò ó. Ìgbà wo ló ti rí i bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn? Kò rántí, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ó nawọ́ gbá Lùbàbà lórí pẹ́ẹ́, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí ọmọ náà wà ní kékeré, tí òun kò sì mọ bí òun yóò ṣe dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n padà sílé, ohun tó ń sọ fún àwọn èèyàn ni pé Ìyá lọ sinmi torí àárẹ̀ ìjọ́sìn òru. Lùbàbà gbọ́, ó sì ń fún Ìyá ní oògùn lásìkò. Oògùn ń ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ tó wú ti fà, èémí ti ń já gaara. Ìyókù kù sí ọwọ́ Ìyá.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, àwọn obìnrin kún àgbàlá. Wọ́n gbé ọsàn wá, wọ́n gbé súgà wá. Ìyá dùbúlẹ̀ sórí ẹní lábẹ́ igi máńgòrò pẹ̀lú ìrọ̀rí kan péré, Kàsìmáwò sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú agbádá funfun.

"Ìyá Àìsùn wa ti dé!" ni ọ̀kan nínú wọn wí. "Máláíkà kì í gbàgbé ẹni tó ń bá wọn ṣọ́ òru."

"Àmín" gba gbogbo àgbàlá kan. Ìyá na ọwọ́ sí Lùbàbà, Lùbàbà gbé e jókòó, Ìyá sì gbé ọwọ́ lé èjìká rẹ̀.

"Ẹ jókòó dáadáa kí ẹ gbọ́ mi," ló wí. "Èmi Àràmọ́tù, mi ò kírun ní gbogbo òru tí ẹ rí mi yẹn. Mi ò lè mí ni. Bí mo bá dùbúlẹ̀, á dà bíi pé omi ń bò mí mọ́lẹ̀, mà á fẹ́ kú, ìyẹn ló jẹ́ kí n máa jókòó. Ọkàn mi ló rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kún àyà mi, wọ́n ti fún mi lóògùn. Àdúrà tí mo ṣe fún yín lójú yín, òótọ́ ni. Èyí tí ẹ rò pé mò ń ṣe lóru, ẹ forí jì mí. Ẹ má pè mí ní Ìyá Àìsùn mọ́, torí pé mo sùn lánàá títí oòrùn fi là."

Kàsìmáwò tẹjú mọ́lẹ̀, ó ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. Obìnrin kan ṣẹ́jú sí èkejì. Òmíràn bẹ̀rẹ̀ sí í wá bàtà rẹ̀. Inú Lùbàbà bà jẹ́ fún Ìyá, ó sì sún mọ́ ọn sí i.

Àsánátù, tó ń ta wàrà ní Titirou, ló wà lẹ́yìn gbogbo wọn. Kò dìde pẹ̀lú àwọn tó ń dìde. Ó fa ìborùn rẹ̀ bo ẹnu, ohùn rẹ̀ kò sì ju ti ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ.

"Ìyá," ló wí, "omi tó ń bò yín mọ́lẹ̀ yẹn, ṣé ó máa ń jí yín lójú oorun náà?"

Gbogbo wọn yíjú sí i.

"Ọkọ mi sọ pé àlá burúkú ló ń jí mi," ni Àsánátù wí.

Ìyá wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó gbé ọwọ́ kúrò léjìká ọmọ ọmọ rẹ̀.

"Lùbàbà," ló wí, "wọ bàtà rẹ."